Ariwo, Rédíò àti Ẹnu Elédè Méjì Lójú Òfurufú

Ní nǹkan bí ọdún 1923, wọ́n gbé iṣẹ́ kan lé Frederick Stanley Mockford lọ́wọ́, ẹni tó jẹ́ ọ̀gá nídìí rédíò ní pápákọ̀ òfurufú Croydon lẹ́bàá ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n ní kó wá ọ̀rọ̀ kan tí awakọ̀ òfurufú yóò máa fi ké gbàjarè bí ewu bá dé. SOS ti wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ń fi ìka tẹ tẹlígíráàfù ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe àwọn tó ń fi ẹnu sọ̀rọ̀. Ìró S ga púpọ̀, ẹ̀rọ rédíò àti tẹlifóònù ayé ìgbà náà kò sì lè gbé ìró tó ga tó bẹ́ẹ̀ dé etí ẹni tó wà lódìkejì. Bí ẹ́ńjìnnì bàálù bá tún ń bú ramúramù lẹ́yìn rẹ̀, S á dà bí F, á dà bí ariwo lásán, tàbí kó má tilẹ̀ débẹ̀ rárá. Ọ̀nà tó so Croydon pọ̀ mọ́ Le Bourget lẹ́bàá ìlú Paris ni ọ̀pọ̀ bàálù ń ná nígbà náà. Mockford bá mú ohun tí àwọn Faransé ń sọ bí wọ́n bá fẹ́ kí ènìyàn ran àwọn lọ́wọ́, ó sì sọ ọ́ di Mayday. Kò sí S nínú rẹ̀. Ará Faransé gbọ́ ọ bí èdè tirẹ̀, ará Gẹ̀ẹ́sì náà gbọ́ ọ bí èdè tirẹ̀, fáwẹ̀lì gígùn méjì ló sì gbé e ró, èyí tí ariwo kò lè tètè gbé mì. Ní ọdún 1927, ìpàdé àgbáyé lórí ọ̀rọ̀ rédíò tó wáyé ní Washington fọwọ́ sí i.

Àṣà ìsọ̀rọ̀ àwọn awakọ̀ òfurufú gbilẹ̀ láti ìgbà náà, mo sì gbà pé ìtàn àṣà yìí tú èrò kan ká tó ti jókòó pẹ́ lọ́kàn ọ̀pọ̀ ènìyàn. Èrò náà ni pé ẹni tí èdè kì í ṣe èdè ìyá rẹ̀ ló ń fa àìgbọ́ra-ẹni-yé, pé bó bá ti lè pe ọ̀rọ̀ bíi ti àwọn tó ni èdè, wàhálà ti tán. Ìtàn ojú òfurufú kò gbè é lẹ́yìn. Nínú ariwo, iṣẹ́ ìgbọ́ra-ẹni-yé pín sí méjì: apá kan wà lẹ́nu ẹni tó ń sọ̀rọ̀, apá kejì wà lọ́wọ́ ẹni tó ń gbọ́, tó ń fi ohun tó ti mọ̀ dí àlàfo ohun tí kò gbọ́. Ìpín elédè méjì nínú iṣẹ́ yìí kò rí bíi ti ẹni tó ni èdè, yálà òun ló ń sọ̀rọ̀ tàbí òun ló ń gbọ́. Àwọn tó ṣòfin rédíò òfurufú rí èyí díẹ̀díẹ̀, nígbà mìíràn lẹ́yìn tí ẹ̀mí ti ṣòfò rẹpẹtẹ, wọ́n sì kọ́ èdè kékeré kan tí kò gbára lé okun ẹnu nìkan, tí kò sì gbára lé ìméfò etí nìkan.

Ohun tí ariwo ń ṣe sí ẹnu ènìyàn kò ṣókùnkùn sí àwọn oníṣègùn kí iṣẹ́ bàálù tó gbilẹ̀. Étienne Lombard, dókítà etí àti ọ̀fun ní ilé ìwòsàn Lariboisière ní Paris, tẹ ìwé jáde lé e lórí ní ọdún 1911, orúkọ rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ sì fi ń pe nǹkan náà títí di òní. Ó rí i pé bí ènìyàn bá ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, tí a wá fi ẹ̀rọ aláriwo sí i létí, ohùn rẹ̀ á gbé sókè lójú ẹsẹ̀, òun alára kò sì ní mọ̀. Bí a bá pa ẹ̀rọ náà, ohùn á padà sílẹ̀. Lombard fi ọgbọ́n yìí mú àwọn tó ń díbọ́n pé àwọn dití, nítorí adití gidi kò gbọ́ ariwo, ohùn rẹ̀ kò sì ní í yí padà. Àwọn tó wá lẹ́yìn rẹ̀ rí i pé kì í ṣe pé ohùn ń ròkè nìkan: fáwẹ̀lì a máa gùn sí i, ohùn a máa ga sí i, agbára rẹ̀ a sì sún lọ síbi tí etí ti lè yọ ọ́ kúrò nínú ariwo.

Ẹ̀bùn àdánidá ni, ṣùgbọ́n àwọn tó jọ dúró nínú ariwo kan náà ló wà fún. Rédíò ló ba ìyẹn jẹ́. Adarí ọkọ̀ òfurufú jókòó sínú yàrá tó dákẹ́ rọ́rọ́ lókè ilé ìṣọ́. Kò gbọ́ ẹ́ńjìnnì tó ń bú létí awakọ̀, nítorí náà ẹnu rẹ̀ kò rí ìdí kankan tí yóò fi ṣe aápọn. Awakọ̀ ní tirẹ̀ ń kígbe nínú ariwo tí adarí kò sí nínú rẹ̀, igbe àpọ̀jù sì lè ba ohùn jẹ́ mọ́ ẹ̀rọ lẹ́nu. Ẹni tó yẹ kó tún ẹnu ṣe ni kò gbọ́ ariwo. Ẹni tó gbọ́ ariwo ló ń tún un ṣe fún ẹni tí ọ̀rọ̀ kò ni lára tó bẹ́ẹ̀. Kí tẹlifóònù àti rédíò tó dé, kò sí bí ẹni méjì ṣe lè jọ máa sọ̀rọ̀ kí ariwo etí ọ̀kan má kan èkejì, nítorí náà ara wa kò ní àtúnṣe kankan fún un. Ohun tí ara kò lè ṣe ni òfin ní láti ṣe.

Síbẹ̀, ariwo kò ju ìdajì ọ̀rọ̀ lọ. Ìdajì kejì ni ohun tí etí ti ń retí. Ní ọdún 1951, George Miller àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì, Heise àti Lichten, tẹ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà tó fi hàn pé bí iye ọ̀rọ̀ tí olùgbọ́ ń retí bá ti kéré tó ni ariwo tí etí rẹ̀ lè fara dà ṣe ń pọ̀ tó. Bí ó bá mọ̀ pé nọ́ńbà kan ṣoṣo láti òdo dé ẹ̀sán ni òun fẹ́ gbọ́, yóò gbọ́ ọ nínú ariwo tí kò ní jẹ́ kó gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ọ̀rọ̀ tí kò yé e ní òun nìkan a máa yé e nínú gbólóhùn. Èyí jọ oore tí kò lábùkù, títí Philip Lieberman fi yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò ní ọdún 1963. Ó ní kí àwọn ènìyàn ka gbólóhùn méjì tí ọ̀rọ̀ nine wà ní ìparí wọn. Ọ̀kan jẹ́ òwe Gẹ̀ẹ́sì kan lórí aṣọ rírán tí tọmọdé tàgbà mọ̀, débi pé olùgbọ́ á ti parí rẹ̀ lọ́kàn kí ẹni tó ń kà á tó parí. Èkejì kò fúnni ní àmì kankan pé nine ló ń bọ̀. Lieberman gé nine kúrò nínú méjèèjì, ó sì mú kí àwọn mìíràn gbọ́ ọ ní òun nìkan. Nine inú òwe kò yé wọn tó nine inú gbólóhùn kejì. Ẹnu ti gbójú lé etí: níbi tí etí ti lè méfò, ẹnu kò ṣe wàhálà mọ́. Björn Lindblom, onímọ̀ ará Sweden, sọ èyí di àbá kíkún ní ọdún 1990, ó ní ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ń wọn ohun tí olùgbọ́ ti mọ̀ nígbà gbogbo, kò sì ń ná ju agbára tí ọ̀rọ̀ náà gbà lọ. Àwa Yorùbá náà kò yàtọ̀. Kò sẹ́ni tó ń pe “ẹ kú àárọ̀” ní kíkún; “ẹ káàárọ̀” ti tó, nítorí ní àsìkò yẹn, ẹni tí a ń kí ti mọ ohun tó ń bọ̀ kí a tó lanu.

Ẹ wá wo adarí ọkọ̀ òfurufú tó ń sọ gbólóhùn kan náà fún bàálù kan tẹ̀ lé òmíràn láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Lọ́dọ̀ tirẹ̀, òwe ni gbogbo gbólóhùn náà ti dà. Ẹnu rẹ̀ á máa gé wọn kúrú láìmọ̀, bí ẹnu ti ṣe sí nine inú òwe Lieberman. Bí ẹni tó ń gbọ́ bá jẹ́ ẹni tó bá èdè náà dàgbà, yóò dí àlàfo náà láìrò ó. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Ní ọdún 1997, Lynn Mayo, Mary Florentine àti Søren Buus tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn tó ń sọ èdè Sípéènì àti Gẹ̀ẹ́sì ní Amẹ́ríkà. Àwọn kan ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì láti ìkókó. Àwọn mìíràn kọ́ ọ lẹ́yìn ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Nínú ariwo, àwọn tó kọ́ ọ pẹ́ kò lè fara da ariwo tó tàwọn yòókù, gbólóhùn tó ń tọ́ka sí ọ̀rọ̀ ìparí kò sì ràn wọ́n lọ́wọ́ tó bó ṣe ran àwọn yòókù. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, Ann Bradlow àti Jennifer Alexander fi kókó kan kún un tó ṣe pàtàkì gan-an lójú mi. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣeé retí, tàbí bí wọ́n bá fara balẹ̀ pè é, èyíkéyìí nínú méjèèjì nìkan tó láti ran ẹni tó ni èdè lọ́wọ́. Àkọ́kọ́ kò ran ẹni tó kọ́ èdè lọ́wọ́ àfi tí èkejì bá wà níbẹ̀: ó ní láti gbọ́ ọ̀rọ̀ kedere kó tó lè lo òye rẹ̀ láti méfò. Ní ti sísọ, àwọn tó ti inú èdè Ṣáínà àti Kòríà wá sínú Gẹ̀ẹ́sì kì í fún àwọn ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ pọ̀ tó bí àwọn tó ni Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣe. Wọ́n ń sọ ọ́ ní kíkún. Ẹni tó ni èdè ló ń gé ọ̀rọ̀ kúrú, ẹni tó kọ́ èdè ló sì nílò rẹ̀ ní gígùn. Bí ẹ bá gbé èyí sínú rédíò tó ń pariwo, ẹ ó rí ibi tí ewu ti ń wá, kì í sì í ṣe ẹnu ẹni tí a máa ń kọ́kọ́ dá lẹ́bi ló ti ń wá.

Àwọn òṣìṣẹ́ òfurufú kò dúró de ìwádìí wọ̀nyí. Ìṣòro fúnra rẹ̀ ló kọ́ wọn. Bí wọ́n ṣe ń pe lẹ́tà ló fi èyí hàn jù. Láti ọdún 1927 ni wọ́n ti ń fi odindi ọ̀rọ̀ dúró fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, nínú àtẹ tí wọ́n tún ṣe ní 1932, Amsterdam ni A, Baltimore ni B, Casablanca ni C. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà àti ti Bírítéènì ń lo Able, Baker, Charlie, Dog. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì pọ́ńbélé nìwọ̀nyí. Able, Jig àti Yoke kò rọrùn lẹ́nu ará Peru tàbí ará Faransé. Nígbà tí ogun parí, àjọ ICAO tó ń rí sí ìrìnnà òfurufú lágbàáyé fìdí kalẹ̀ sí Montréal, ìlú elédè méjì, wọ́n sì ké sí Jean-Paul Vinay, onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ní Yunifásítì Montréal. Láàárín 1948 sí 1949, òun àti àjọ náà wá àwọn ọ̀rọ̀ tó wà láàyè nínú Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Sípéènì papọ̀, tí awakọ̀ èdè yòówù lè pè, tí rédíò lè gbé dé ibi tó ń lọ, tí kò sì ní ìtumọ̀ àbùkù. Àtẹ wọn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kọkànlá ọdún 1951.

Ó kùnà láwọn ibì kan. Nectar dúró fún N, Victor fún V. Nínú ariwo, ìparí tó jọra ló ń kù létí, ìbẹ̀rẹ̀ tó yàtọ̀ sì ń sọnù. Delta àti Extra náà ń ṣì ara wọn. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ padà sídìí Able àti Baker. Wọ́n wá dán àwọn ọ̀rọ̀ náà wò lẹ́nu àti létí àwọn ènìyàn tó wá láti orílẹ̀-èdè mọ́kànlélọ́gbọ̀n, Amẹ́ríkà àti Bírítéènì ló ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn rẹ̀, lẹ́tà márùn-ún péré ló yí padà: Charlie, Mike, November, Uniform àti X-ray wọlé, àtẹ náà sì di òfin ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 1956. Ẹ̀kọ́ kan tó jáde nínú ìdánwò náà wú mi lórí. Football yé etí ju Foxtrot lọ bí a bá pè é ní òun nìkan, síbẹ̀ Foxtrot ni wọ́n mú, nítorí òun ló ṣe dáadáa jù láàárín àwọn ọ̀rọ̀ yòókù. Ó ti yé wọn pé ọ̀rọ̀ kò dá gbé. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí àwọn aládùúgbò rẹ̀ ló ń gbà á lọ́wọ́ ariwo. Alfa di èyí tí wọ́n ń fi F kọ, kí ẹni tí kò mọ̀ pé P àti H lè jọ di F má baà pè é ní ìpèkúpè. Juliett gba T méjì, nítorí ará Faransé kì í pe T kan ṣoṣo tó bá gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀.

Nọ́ńbà ni mo fẹ́ dúró sí díẹ̀. Òfin ICAO ní kí a pe three ní tree, kí five di fife, kí nine di niner. Nine yìí kan náà ni Lieberman rí i pé ẹnu ń gbé mì. Òun àti five ní fáwẹ̀lì kan náà, kọ́ńsónáǹtì tó yí wọn ká kò sì lágbára, nítorí náà wọ́n fi sílébù kan kún nine, wọ́n sì sọ ìparí five di èyí tó le. Ní ti three, ìró tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò sí nínú Faransé, kò sí nínú Sípéènì ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kò sì sí nínú Yorùbá. Adarí tó bá Yorùbá dàgbà, tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà, kò ní ìró náà nínú èdè ìyá rẹ̀, kò ní V, kò ní Z. Bí wọ́n bá fi ẹnu Yorùbá sọ tree àti fife, wọ́n bá òfin àgbáyé mu jù bí wọ́n ṣe bá ìwé Gẹ̀ẹ́sì ilé ẹ̀kọ́ mu lọ. Bí Z inú Zulu bá sì di S lẹ́nu rẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn nínú mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí yóò bá a dàrú. Ohun tí ilé ẹ̀kọ́ ń pè ní àṣìpè, òfin òfurufú ti fi àyè sílẹ̀ fún un tẹ́lẹ̀, nítorí ohun tó ń wá kì í ṣe ẹnu òyìnbó bí kò ṣe kí ọ̀rọ̀ kan má jọ ìkejì.

Àwọn onílù dùndún ti ń ṣe irú nǹkan báyìí tipẹ́. Ìlù kò lè pe kọ́ńsónáǹtì, ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ló kù fún un, ọ̀rọ̀ púpọ̀ ló sì ní ohùn kan náà. Nítorí náà, onílù kì í dá orúkọ pè lásán; oríkì ló ń fi pè é, ó ń fa ọ̀rọ̀ gùn títí ọ̀kan ṣoṣo yóò fi kù tó lè jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ oríkì náà kò lè gbọ́ ìlù, bí ó ti wù kó dún tó. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ onílù ti bá ti elédè méjì lójú òfurufú mu, ibẹ̀ náà ló sì ti yà á. Gíga tí bàálù yóò fò sí àti ìhà tí yóò kọjú sí kì í ṣe oríkì. Kò sí ohun tó wà ṣáájú wọn tó ń tọ́ka sí wọn, nítorí náà ẹnu nìkan ló ní láti gbé wọn dé ibi tí wọ́n ń lọ, awakọ̀ sì ní láti dá wọn padà fún adarí kí méjèèjì lè mọ̀ pé wọ́n débẹ̀.

Bí ìfojúsọ́nà ṣe ń ranni lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ló ń pani. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹta ọdún 1977, bọ́ǹbù bú ní pápákọ̀ òfurufú Gran Canaria, wọ́n sì darí ọ̀pọ̀ bàálù sí Los Rodeos ní erékùṣù Tenerife, pápá kékeré tí kùrukùru bò mọ́lẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Boeing 747 ti KLM, tí Jacob Veldhuyzen van Zanten ń wà, dúró sí orí ojú ọ̀nà ìgbéra, ó ń kánjú láti lọ. Boeing 747 ti Pan Am ṣì ń rìn bọ̀ lórí ojú ọ̀nà kan náà, wọn kò sì rí ara wọn. Adarí, tí èdè Sípéènì jẹ́ ti ìyá rẹ̀, ka ọ̀nà tí KLM yóò gbà lẹ́yìn tó bá gbéra fún un. Kò tíì fún un láṣẹ láti gbéra, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ take-off wà nínú gbólóhùn náà, ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni ọ̀gá awakọ̀ ti ń retí fún ìgbà pípẹ́. Igbákejì rẹ̀ dá gbólóhùn padà, ó sì fi kún un lédè Gẹ̀ẹ́sì pé àwọn wà “at take-off”. Àwọn onímọ̀ kan sọ pé bátànì Dutch, èdè ìyá rẹ̀, ló wọlé síbẹ̀, nítorí pé ọ̀nà tí Dutch ń gbà fi hàn pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ jọ ti ọ̀rọ̀ náà. Adarí gbọ́ ọ bí ẹni tó dúró tó ń retí àṣẹ. Ó dáhùn pé OK, ó sì sọ pé kí wọ́n dúró. Ní ìṣẹ́jú àáyá náà gan-an ni Pan Am fọhùn pé àwọn ṣì wà lójú ọ̀nà. Ohùn méjì kò lè gba orí rédíò kan náà lẹ́ẹ̀kan. Igbe gooro kan ló dé etí KLM, OK nìkan ló sì là á já. Ọ̀rọ̀ tó kù létí ni èyí tí wọ́n ti ń retí. Ènìyàn 583 ló kú.

Kò sẹ́ni tó lè sọ pé àìmọ Gẹ̀ẹ́sì pè ló pa wọ́n. Ìfojúsọ́nà tó lágbára ju ohun tí etí gbọ́ lọ ni, àti ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n ń lò fún nǹkan méjì. Àtúnṣe tó tẹ̀ lé e bá èyí mu: wọ́n fi òfin dè take-off, kó má ṣe jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni àfi nígbà tí a bá ń fúnni láṣẹ láti gbéra tàbí tí a bá ń gba àṣẹ náà padà, departure ni kí wọ́n lò níbi yòókù. OK lásán kò tó ìdáhùn mọ́ sí àṣẹ tó kan ẹ̀mí, àfi kí a tún àṣẹ náà sọ. Wọ́n dín ohun tí etí lè méfò kù síbi tí ìméfò ti léwu, wọ́n sì jẹ́ kó pọ̀ níbi tí kò ti léwu.

Àwọn kan yóò ní kí gbogbo awakọ̀ kọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, kí ọ̀rọ̀ parí. Àtakò tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni, ICAO alára sì gba apá kan nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí bàálù méjì forí gbárí lókè Charkhi Dadri ní Íńdíà ní ọdún 1996, tí ènìyàn 349 kú. Ní ọdún 2003 wọ́n fọwọ́ sí ìdánwò èdè oní-ìpele mẹ́fà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í múlẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2008. Ìpele kẹrin ni ó kéré jù tí wọ́n lè fi ṣiṣẹ́ láàárín orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè. Ṣùgbọ́n ẹ ka ohun tí ìpele kẹrin béèrè nípa ìpè ọ̀rọ̀. Ó gbà pé èdè ìyá tàbí ẹ̀ka-èdè àdúgbò yóò hàn nínú ohùn ènìyàn; ohun tí kò gbà ni kó máa dí ìgbọ́ra-ẹni-yé lọ́wọ́ ní gbogbo ìgbà. Ẹ sì tún wo Avianca 52, tó já lulẹ̀ ní Cove Neck lẹ́bàá New York ní ọjọ́ 25 oṣù kìíní ọdún 1990, tí ènìyàn 73 nínú 158 kú. Igbákejì awakọ̀, ọmọ Colombia, sọ fún àwọn adarí pé epo àwọn ń tán lọ. Ìpè rẹ̀ kò ṣòro, wọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ọjọ́ kò dára lálẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀pọ̀ bàálù ló wà lókè tó ń dúró, epo tó ń dín kù kò sì ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Emergency ni ọ̀rọ̀ tí ìbá yí ohun gbogbo padà, kò sì jáde. Gẹ̀ẹ́sì tó já gaara lè má gbe ènìyàn bí kò bá sí ọ̀rọ̀ tí àwọn méjèèjì ti jọ fohùn ṣọ̀kan lé lórí.

Àtakò kejì le jù bẹ́ẹ̀ lọ: kí kálukú sọ èdè tirẹ̀. Bí ẹni tó ń gbọ́ èdè ìyá rẹ̀ bá lè dí àlàfo láìṣe wàhálà, kí ló dé tí a ó fi gba èyí lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ariwo? Ọ̀rọ̀ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ Kánádà sí méjì. Nígbà tí ìjọba gbà kí wọ́n máa fi Faransé darí bàálù láwọn pápá kéékèèké ní Québec láti ọdún 1974, tí wọ́n sì fẹ́ fẹ̀ ẹ́ sí i, àwọn awakọ̀ àti adarí tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì da iṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 1976, ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí ìdíje Òlíḿpíìkì tó bẹ̀rẹ̀ ní Montréal. Ohun tí wọ́n ń sọ kì í ṣe ẹ̀tanú lásán. Awakọ̀ kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nìkan. Ó ń gbọ́ ti gbogbo bàálù tó yí i ká, ìyẹn ló sì fi ń mọ ibi tí ẹlòmíràn wà. Tenerife fúnra rẹ̀ gbè wọ́n lẹ́yìn: ẹnjiníà inú KLM gbọ́ ohun tí Pan Am ń bá adarí sọ, ó béèrè bóyá Pan Am kò tíì kúrò lójú ọ̀nà, ọ̀gá rẹ̀ ni kò gbà. Síbẹ̀, ìgbìmọ̀ onídàájọ́ mẹ́ta tó yẹ ọ̀rọ̀ Québec wò sọ nínú ìjábọ̀ ìkẹyìn wọn ní ọdún 1979 pé lílo èdè méjèèjì kò dín ààbò kù. Mo gbà pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n mo rí ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Àwọn adarí Québec gbọ́ èdè méjèèjì yékéyéké, wọ́n sì ní àwọn gbólóhùn tí òfin ti là kalẹ̀ ní èdè méjèèjì. Níbi tí awakọ̀ ti ń wá láti orílẹ̀-èdè ogún lójoojúmọ́, tí kò sí adarí kan tó lè gbọ́ gbogbo wọn, àǹfààní yẹn kò sí.

Ibi tó kù ni ọ̀dọ̀ àwọn tó ni Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ ni mo sì rò pé iṣẹ́ kò tíì parí. Òfin ICAO gbani níyànjú kí ọ̀rọ̀ orí rédíò má ṣe ju 100 lọ ní ìṣẹ́jú kan, ìwé ìtọ́sọ́nà rẹ̀ sì sọ ọ́ kedere pé ẹrù àtúnṣe kò gbọdọ̀ wà lórí àwọn tó kọ́ èdè nìkan. Ẹ wá wo ìdánwò náà. Ẹni tó wà ní ìpele kẹrin ni a gbà níyànjú pé kó tún un ṣe lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ẹni ìpele karùn-ún lẹ́yìn ọdún mẹ́fà. Ìpele kẹfà, níbi tí àwọn tó bí Gẹ̀ẹ́sì mọ́ lẹ́nu sábà máa ń wà, kì í ṣe é mọ́ láéláé. Ẹnu tó ń tètè gé ọ̀rọ̀ tó ti mọ̀ kúrú, tó sì ń retí pé kí etí ẹlòmíràn gbé ìyókù, ni òfin yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó sì jẹ́ kó lọ.